Lena Ferguson, Akọ̀wé Ilé-Ìwé Tó Fẹ̀yìntì Tó Kọ̀ Láti Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn yìí dán nǹkan kan wò láàárín ara wa. A ní kí olúkúlùkù mú bébà, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó kọ ti bàbá àti ìyá rẹ̀ sí òkè rẹ̀, kí ó sì máa gòkè lọ bẹ́ẹ̀ títí orúkọ yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Àwa márùn-ún la jókòó. Ẹni tó lọ jìnnà jù dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ìyá rẹ̀. "Ìyá Alákàrà" ló kọ síbẹ̀, nítorí pé orúkọ tí gbogbo ilé ń pe màmá náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tó lè ki oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ láìmí, kò lè sọ ọdún tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀. Oríkì wà lẹ́nu, bébà ni kò sí.

Ohun tó fa eré yìí ni ìtàn obìnrin kan tí a kà, tí kò sì kúrò lọ́kàn wa. Lena Santos Ferguson ni orúkọ rẹ̀. Adúláwọ̀ ni, Washington tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà ló ń gbé, iṣẹ́ akọ̀wé ilé-ìwé ló sì ṣe. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1984, ó ti fẹ̀yìntì, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Òun ní bébà ní tirẹ̀. Ó ní ìwé tó so ó mọ́ baba ńlá rẹ̀ kan tó kópa nínú ìjà òmìnira Amẹ́ríkà ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ké sí àwọn tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, kò fẹ́ kí ó wọlé.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Daughters of the American Revolution. DAR ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, bẹ́ẹ̀ náà la ó máa pè é níhìn-ín. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1890 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Washington. Ọdún kan ṣáájú ni àwọn ọkùnrin ti dá tiwọn sílẹ̀, Sons of the American Revolution. Nígbà tó di 1890, àwọn ọkùnrin yìí dìbò pé àwọn kò ní gba obìnrin mọ́ra. Inú bí àwọn obìnrin, ni wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀. Caroline Harrison, aya Benjamin Harrison tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òǹkàwé wa: àwọn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ènìyàn lè fowó wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó sì lè fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀jẹ̀ òun wá tààrà láti ara ẹnìkan tó ran ìjà òmìnira lọ́wọ́, ìyẹn ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1775 sí 1783. Kò pọn dandan kí onítọ̀hún ti gbé ìbọn. Bí ó bá búra pé òun wà lẹ́yìn ìjọba tuntun, tàbí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú tó ń ṣètò ogun, tàbí ó fi màlúù àti ọkà bọ́ àwọn jagunjagun, ó tó. Lónìí, ó ju 180,000 obìnrin lọ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ka rẹ̀ sì tó nǹkan bí 3,000.

Àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa kò lè ṣe kí a má dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà. Ẹni tí wọ́n pè ní ọmọbìnrin ogun tó parí ní 1783 lè jẹ́ ọmọ ìran kẹjọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ àlàyé díẹ̀ kí ó tó yéni. Ní Yorùbá, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Ọmọ Odùduwà kì í ṣe ẹni tí Odùduwà gbé jó lọ́jọ́ ìkómọ. "Ọmọ" tiwa ń gùn dé ibi tí ìrántí bá gùn dé. Ọ̀rọ̀ kejì tó pa wá lẹ́rìn-ín ni oyè tí wọ́n ń fi olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jẹ. Regent ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Adelé, ẹni tó ń di ìtẹ́ mú nígbà tí ọba kò sí. Àwọn tó ń ṣàjọyọ̀ bí baba ńlá wọn ṣe kọ ọba sílẹ̀ ló wá ń fi Adelé jẹ olórí!

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ẹgbẹ́? Wọ́n ń tún ojú oórì àwọn tó jagun ṣe. Wọ́n ń bẹ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì wò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń búra fún àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè, wọ́n á kí wọn káàbọ̀. Wọ́n ń ṣe àdàkọ àwọn ìwé àtijọ́ kí ó má baà ṣègbé, wọ́n sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn owó ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń yọ̀ǹda ara wọn ni. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún Adelé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó ti fẹ̀yìntì mu. Ó ń gba àkókò, ó ń gba sùúrù, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ bí a ti ń to fáìlì. Akọ̀wé ilé-ìwé tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìwé orúkọ àwọn ọmọ ni ẹni tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá máa wá kiri.

Bí bébà ṣe ń gun òkè

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí ìran hàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ilé.

Orí ara rẹ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Wàá mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ wá, tó dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ. Wàá mú tiwọn náà wá, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó wọn, àti ìwé ẹ̀rí ikú bí wọ́n bá ti kú. Wàá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá àgbà, wàá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bí bàbá àgbà. Ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Bí okùn bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀. Tó o bá ti wá gòkè kọjá ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ó di kí o máa tú ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìpíngún, ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba san fún àwọn jagunjagun, àkọlé ojú oórì, àti Bíbélì ìdílé, tí àwọn àgbà máa ń kọ orúkọ ọmọ sí ojú ewé rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo Bíbélì yẹn o. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí náà, ẹ̀yìn Bíbélì tàbí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni bàbá kọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa sí, àwa náà la sì ti ju kàlẹ́ńdà ọ̀hún nù.

Fún adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ibì kan náà ni okùn sábà máa ń já sí. Nígbà ìkànìyàn 1850 àti ti 1860, ìjọba ka àwọn ẹrú. Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Wọ́n kọ ọjọ́ orí, wọ́n kọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n kọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Yàtọ̀ sí ibi díẹ̀, wọn kò kọ orúkọ. Ọdún 1865 ni òfin fòpin sí ìkónilẹ́rú, ìkànìyàn 1870 ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú. Láti ìsinsìnyí dé 1870, ọ̀nà ṣí. Tí a bá ti fẹ́ kọjá ibẹ̀, ó kù sí ọwọ́ oríire, sùúrù, àti ìwé ìpíngún olówó ẹrú, níbi tí ó ti lè kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹṣin rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn adúláwọ̀ jà nínú ogun náà o. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé wọ́n tó 5,000 lápá àwọn tó ń wá òmìnira. James Armistead wà nínú wọn, ẹrú ní Virginia. Ní 1781 ó wọ àárín àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣe amí fún wọn, gbogbo ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀ ló sì ń kó fún ọ̀gágun Lafayette. Ogun parí, ẹrú náà ló ṣì jẹ́. 1787 ni ìjọba Virginia tó dá a sílẹ̀, ó sì mú orúkọ Lafayette kún tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ mìíràn wò ó pé òmìnira tiwọn kò sí lọ́dọ̀ àwọn olówó ẹrú tó ń pariwo òmìnira, wọ́n sì sá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣèlérí ìdásílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ogun, nǹkan bí 3,000 adúláwọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá kan ní New York ní 1783, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Nova Scotia ní Kánádà. Òtútù àti ìyà ibẹ̀ sú wọn. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú wọn padà sí Áfíríkà, wọ́n sì tẹ Freetown dó ní Sàró. Etíkun yẹn kan náà ni wọ́n gbé ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí sọ̀kalẹ̀ sí ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ àwọn tó tẹ Freetown dó kò lè ti ọ̀dọ̀ baba ńlá yẹn wọ DAR, nítorí pé apá kejì ló wà. Ìjà òmìnira ni tiwọn náà, àbí kí la ó pè é?

Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí ní díẹ̀díẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ Ferguson tó délẹ̀, DAR ti ní ìtàn pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀, kò sì dára. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Washington, Constitution Hall, tí wọ́n ṣí ní 1929. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n fi í sínú ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn náà pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wá ṣeré níbẹ̀. Ní 1939, Yunifásítì Howard fẹ́ gba ibẹ̀ fún Marian Anderson, adúláwọ̀ tí ohùn rẹ̀ ti dùn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. DAR kọ̀. Eleanor Roosevelt, aya ààrẹ, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde, 9 oṣù kẹrin, Anderson dúró ní gbangba lórí àtẹ̀gùn ilé ìrántí Lincoln, ó kọrin fún nǹkan bí 75,000 ènìyàn. Ìgbà tó yá, DAR fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1977, ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, Karen Batchelor, tó ń tú ìtàn ìdílé rẹ̀ wò, rí i pé òun ní baba ńlá kan tó ń jẹ́ William Hood, tó jagun ní Pennsylvania. Ó kọ̀wé, wọ́n gbà á. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó wọ DAR. Ìwé ìròyìn gbé e jáde, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Lena Ferguson ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Maurice Barboza, agbẹjọ́rò. Òun ló ń wá ìtàn ìdílé kiri. Ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn ni Jonah Gay, aláwọ̀ funfun, ará Maine, tó ṣiṣẹ́ fún ìjà òmìnira. Ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun ti pò mọ́ ara wọn nínú ìdílé náà. Barboza kó ìwé rẹ̀ jọ, ó gbé e lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, wọ́n gbà á ní 1980. Àǹtí rẹ̀ gbé ìwé lọ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Baba ńlá kan náà ni o, ẹ̀rí kan náà ni.

Ṣùgbọ́n láti wọ DAR, bébà nìkan kò tó nígbà náà. Ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ fẹ́ ọ, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ dúró fún ọ. Àwọn ẹ̀ka tó lọ bá ní Washington kò dúró fún un. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀ka. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí mọ bí èyí ṣe rí: orúkọ rẹ wà nínú ìwé, o sì ń wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tó pè ọ́ pé wá jókòó sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀ka kò lè dìbò, kò sì lè di ipò mú.

Ó lè gbà bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní dín kù nítorí rẹ̀. Kò gbà. Ní oṣù kẹta 1984, ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bi Sarah King, ààrẹ àpapọ̀ DAR, léèrè, ó dá wọn lóhùn pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tó bá fẹ́. Ariwo ta. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Washington ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn yóò gba ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ náà ní láti má san owó orí ilé padà, àwọn ilé ẹgbẹ́ náà nílùú ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Kò pẹ́ tí King fi jẹ́wọ́ pé ó yẹ kí wọ́n ti gba Ferguson, pé wọn kò bójú tó ìwé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n yí òfin ẹgbẹ́ padà, pé ẹ̀ka kankan kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn ti ẹnikẹ́ni síta. Ferguson wọ ẹ̀ka ní Washington.

Lórí tábìlì wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹnìkan láàárín wa ní kí ló dé tí ènìyàn yóò fi máa bẹ àwọn tí kò fẹ́ ẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó. Ó ní tí òun bá ni, òun á dá ẹgbẹ́ tòun sílẹ̀, bí àwọn obìnrin 1890 ti ṣe. Ẹlòmíràn dáhùn pé kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní ogún kì í ṣe ohun tí à ń tọrọ, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ, ọmọ ni, àti pé bí Ferguson bá lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ńṣe ni ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè náà yóò máa wà bí ó ti wà, bí ẹni pé àwọn funfun nìkan ló bí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì yìí ni ọkàn àwa tó ń kọ̀wé tẹ̀ sí. Ìdí tí a fi rò bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí obìnrin náà ṣe lẹ́yìn tó wọlé.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó jókòó

Ìdájọ́ òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ kò parí sórí àga tirẹ̀ nìkan. Lára ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni pé kí DAR wá orúkọ àwọn adúláwọ̀ tó kópa nínú ogun òmìnira jáde, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ obìnrin adúláwọ̀ ni baba ńlá wọn jagun tí wọn kò mọ̀. Bí ilé-ìkàwé tó ní àwọn ìwé yẹn bá wá àwọn baba náà rí, àwọn ọmọ á lè tọ ipasẹ̀ wọn wá.

Ní 1984 kan náà ni ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ìwé mìíràn tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n kó wọn jọ di ìwé kan ní 2001. Ní 2008 wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì pè é ní Forgotten Patriots. Ó lé ní ojú ewé 800, orúkọ tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 6,600, àwọn adúláwọ̀ àti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. A ti yẹ díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Àwọn mìíràn, "adúláwọ̀" tí ọ̀gágun kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn nìkan ni a fi mọ̀ wọ́n.

Ní ti iṣẹ́ ẹgbẹ́, Ferguson gba ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn owó ilé-ìwé ti DAR ní Washington mú, ó sì jẹ́ alága rẹ̀. Obìnrin tó ti rí bí ọmọ ṣe ń wọ ilé-ìwé, tó mọ èyí tí owó kò ní jẹ́ kó tẹ̀ síwájú, ló wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó. Kò sí ariwo nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń kà, lẹ́tà àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á ṣe àríyànjiyàn lórí ọmọ méjì tó dọ́gba. Ìwé ìròyìn kì í wá síbẹ̀. Ó ya àwa lẹ́nu bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti bínú ṣe fi ìbínú náà ṣe iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó kú ní 2004.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ ń wá ohun ìrántí fún àwọn adúláwọ̀ tó jagun náà, kí wọ́n kọ́ ọ sí àárín Washington, níbi tí ohun ìrántí àwọn akọni orílẹ̀-èdè wà. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí i ní 1986. Owó kò pé, àkókò tí òfin fún wọn kọjá. Ní 2013, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Òkúta le ju bébà lọ láti rí gbà.

Ṣùgbọ́n nínú DAR, nǹkan ń yí. Wilhelmena Rhodes Kelly, adúláwọ̀ ọmọ Brooklyn tó ti kọ ìwé lórí ìtàn àdúgbò Bedford-Stuyvesant, di olórí ẹgbẹ́ náà ní gbogbo ìpínlẹ̀ New York ní 2019, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń darí DAR. Láti ìgbà tí Karen Batchelor wọlé, ó gba ọdún 42. Ní 2023, wọ́n gbé pátákó ìrántí kan kalẹ̀ fún Lena Ferguson nínú ọgbà oríléeṣẹ́ wọn ní Washington.

Nílé tiwa

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò tàbí Port Harcourt mọ bí bébà ìran ṣe ń wúwo. Ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀, tó sọ èdè ibẹ̀ dáadáa, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ wá láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí ó lè má tíì sùn rí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ á bi í pé agboolé wo ni wọ́n, ta ni baálẹ̀ wọn, ta ló mọ̀ wọ́n. A ti rí òbí tó ń fi tẹlifóònù wá ìdáhùn kiri ní tààràtà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà.

Kò yẹ kó dìgbà yẹn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ bi í ní orúkọ, ẹ má bi í ní ìtàn nìkan. Àwọn àgbà wa mọ̀ ìtàn sọ, wọ́n á sọ bí Bàbá Àgbà ṣe pa ẹfọ̀n, ẹ ò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ ẹni tó jù wọ́n lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹ béèrè ti ìhà ìyá pẹ̀lú. A ṣàkíyèsí láàárín àwa márùn-ún pé ọ̀dọ̀ ìyá ni orúkọ ti kọ́kọ́ tán. Kí ẹ sì kọ ọdún sí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ọdún, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ṣé wọ́n ti bí i nígbà ogun Hitler, ṣé ó ti lọ́kọ nígbà tí wọ́n ń ná kọ́bọ̀ oního?

Ẹni tó kọ "Ìyá Alákàrà" láàárín wa pe àǹtí ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àǹtí náà kọ́kọ́ bá a wí pé ogójì ọdún ni òun ti wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò bi òun. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ màmá, orúkọ àbísọ àti oríkì, ó sì dá orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì mọ́ ọn tí a kò gbọ́ rí. Ó ní kí wọ́n tún pe òun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé bàbá kan ṣì wà ní agboolé tó mọ ìyókù.